Irin Búlúù Tí Kò Há: Àkọsílẹ̀ Ìgbéra Gíláídà Kan

Gíláídà kan balẹ̀ sínú oko ní ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tó gbéra. Ẹsẹ̀ táyà rẹ̀ ká wọnú ikùn ọkọ̀, igi ọgbà ya abẹ́ ìrù rẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ọwọ́ ní ìbàdí, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ojú ọjọ́ dára. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ náà kó tó gbéra. Awakọ̀ náà kì í ṣe ọmọ àná nídìí iṣẹ́ yìí, ó sì ti ṣe àyẹ̀wò tí gbogbo awakọ̀ gíláídà máa ń ṣe kí wọ́n tó kúrò nílẹ̀, tàbí ká kúkú sọ pé ó fi ẹnu ṣe é tán.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní dárúkọ pápá. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ti wáyé ní pápá púpọ̀, ọ̀nà tó ń gbà wáyé sì jọra débi pé ẹni tó bá ti ń fò fún ọdún díẹ̀ lè máa bá mi parí gbólóhùn bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ohun tó jọra láàárín wọn ni mo kó jọ sínú ọ̀kan ṣoṣo yìí, kó lè ṣe é tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, gíláídà ni ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ tí wọ́n fi ń gbé e sókè. Ẹ̀rọ kan lè wà ní òpin pápá tí yóò máa ká okùn wáyà mọ́ra kíákíá, tàbí kí bàálù kékeré fi okùn wọ́ ọ lọ sókè títí yóò fi ga tó, tí awakọ̀ gíláídà yóò wá já okùn, tí yóò sì máa wá afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè láti ilẹ̀ kiri. Bàálù ló wọ́ èyí tí à ń sọ. Láti ibí lọ, bí mo bá pe bàálù, èyí tó ń fa okùn ni mò ń sọ.

Ìṣòro gíláídà ni pé ó mọ òfuurufú dúró sí jù, pàápàá nígbà tí a bá fẹ́ balẹ̀. ASK 21, ọkọ̀ oníjòkòó méjì tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì fi ń kọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀, lè rin nǹkan bíi mítà 34 síwájú kó tó sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 1. Bí ó bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 300, ìyẹn bíi mítà 90, tí afẹ́fẹ́ sì dúró jẹ́ẹ́, ó lè fò tó kìlómítà 3 kó tó kanlẹ̀. Pápá wo ló gùn tó bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe bíréèkì sí ìyẹ́: pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́tùn-ún àti lósì, tó ń yọ sókè láti inú ìyẹ́, tó ń ba afẹ́fẹ́ tó gbé ọkọ̀ dúró jẹ́, tó sì ń fà á sẹ́yìn. Òfin tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí gíláídà ní Yúróòpù béèrè pé bí bíréèkì bá ṣí tán, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn ju nǹkan bíi mítà 7 lọ fún mítà 1 tó bá sọ̀ kalẹ̀. Kìlómítà 3 yẹn di bíi mítà 630. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò yìí wà lọ́kàn yín, nítorí òun ló sọ ibi tí ọkọ̀ náà balẹ̀ sí.

Irin tí a fi ń ṣí bíréèkì máa ń wà lọ́wọ́ òsì awakọ̀, àwọ̀ búlúù ló ní. Kókó tí a fi ń já okùn jẹ́ yẹ́lò, ìyẹn náà wà lọ́wọ́ òsì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Wọ́n yan àwọ̀ fún wọn kí ọwọ́ má baà ṣìnà. Fa irin búlúù sẹ́yìn, bíréèkì á ṣí. Tì í síwájú, á pa dé. Ṣùgbọ́n pípadé kọ́ ni títì. Bó bá ku díẹ̀ kó dé òpin, irin náà máa ń le, o sì ní láti fi agbára tì í kọjá ibi líle yẹn kó tó há. Ìgbà tó bá há, apá ló máa ń mọ̀ ọ́n ju etí lọ. Ẹni tó bá dúró ṣáájú ibẹ̀, pátákó rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ìyẹ́, kò sì sí ojú tó lè rí i láti ìta pé kò tì.

Lórí ilẹ̀ nìkan ló lè dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń sáré, agbára afẹ́fẹ́ orí ìyẹ́ á kéré sí ti abẹ́ rẹ̀. Èyí ló ń gbé gíláídà sókè. Àmọ́ ìfàsókè náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyẹ́ àti pátákó tó wà nínú ìyẹ́. Ohun tí kò bá há, á fà á yọ.

Orí ìlà

Ọ̀sán ni, oòrùn ń ta, ìkùukùu funfun sì ti ń hù káàkiri, àmì pé afẹ́fẹ́ ń gòkè. Àwọn gíláídà tò sórí ìlà, ara gbogbo awakọ̀ ti wà lọ́nà. Awakọ̀ tiwa jókòó sínú ọkọ̀ tó gba ẹnì kan ṣoṣo, nítorí náà kò sí olùkọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbọ́ ohun tó ń kà.

Wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ti àárọ̀. Gíláídà púpọ̀ ló ń sùn nínú tírélà, pẹ̀lú ìyẹ́ àti ìrù tí a tú sọ́tọ̀, tí a ó tún tò pọ̀ lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fò ó. Lẹ́yìn títò, ẹnì kan á di abala ìyẹ́ tó ń yí mú pinpin, awakọ̀ á máa rọ́ ọ̀pá ìdarí lòdì sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ so mọ́ ohun tó wà níta lóòótọ́. Ìyẹn pé pérépéré. Èyí tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ ni ti orí ìlà, tí a ń ṣe pẹ̀lú bẹ́líìtì lára, nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n so okùn.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà mẹ́sàn-án ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti fi ń rántí rẹ̀: CBSIFTCBE, lẹ́tà kan fún orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ohun kọ̀ọ̀kan tí a ń yẹ̀ wò. Ètò lẹ́tà yàtọ̀ níbòmíràn, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Awakọ̀ á rọ́ ọ̀pá àti ìtẹ̀sẹ̀ dé òpin níhà gbogbo. Á rí i pé ìwọ̀n ara òun àti ẹrù kò kéré, kò sì pọ̀ jù. Á fa bẹ́líìtì le. Á wo àwọn aago àti rédíò. Á to flap, abala ẹ̀yìn ìyẹ́ tó ń yí bí ìyẹ́ ṣe tẹ̀ padà, àti trim, èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀pá ìdarí fúyẹ́ lọ́wọ́, sí ibi tó yẹ. Lẹ́yìn náà ló máa ti ìdérí tó mọ́ gaara tó bo ibi ìjókòó, á wá ṣí bíréèkì tán, á yí ọrùn wo pátákó méjèèjì, á sì tì í pa dà títí yóò fi há. Èyí tó kẹ́yìn, E, ni kó sọ ohun tó máa ṣe bí nǹkan bá yí padà: bí okùn bá já ní ìsàlẹ̀, bí ó bá já ní agbedeméjì, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ibi tó lè balẹ̀ sí níwájú.

Ó dé orí bíréèkì. Ó ṣí i, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ń tì í pa dà lọ síwájú nígbà tí olùdarí ìlà na ọwọ́ sókè, tó sì kan ìdérí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ẹnì kan ń bọ̀ wá balẹ̀."

Kò sí àṣìṣe nínú ohun tí olùdarí yẹn sọ. Gíláídà tó ń bọ̀ wá balẹ̀ kò lè yí i padà lọ sókè bíi bàálù. Dandan ni kí wọ́n fún un láyè. Awakọ̀ wa ṣí ìdérí nítorí ooru. Ó dín ohùn rédíò kù kó lè gbọ́ ohun tí olùdarí ń sọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìkùukùu, nípa ẹni tó ti ń fò láti àárọ̀ tí kò tíì pa dà. Gíláídà tí wọ́n ń dúró dè balẹ̀, wọ́n tì í kúrò lọ́nà, ìlà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójijì. Wọ́n gbé okùn dé.

Ó ti ìdérí pa. Ó wo káàdì tó lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí bíréèkì. Ó rántí pé òun ti ṣí i, òun sì ti wò ó lọ́tùn-ún lósì. Òótọ́ sì ni. "Bíréèkì, ó ti tì." Ó ka ti ìkẹyìn ní èémí kan: bí okùn bá já nísàlẹ̀, iwájú ni, bí ó bá já lókè, kí òun yí padà. Kò mẹ́nu kan àmì tí bàálù lè fún un. Lójú mi, ibẹ̀ gan-an ni àkọsílẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí irin búlúù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó di etí ìyẹ́ mú wo òkè, ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé wọ́n ti yọ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ìrù, pé ìdérí ti pa, pé orí ìyẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé kó wò ló wò. Ó gbé ìyẹ́, ó fọwọ́ ṣe àmì, okùn fà le.

Lókè

Ìsáré lórí ilẹ̀ kò ní wàhálà. Gíláídà gbéra ṣáájú bàálù, bó ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn tí bàálù náà gbéra ni bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, díẹ̀díẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí irin kan náà ló so wọ́n pọ̀.

Awakọ̀ mọ̀ pé nǹkan yàtọ̀. Ọkọ̀ ń gbọ̀n. Ó ń rọ̀ sísàlẹ̀, ó sì ní láti máa fa ọ̀pá sẹ́yìn kó lè bá bàálù dọ́gba. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán ló rò pé ó ń jà á. Ẹ má bú u. Pátákó bíréèkì wà lẹ́yìn èjìká, kò sí bó ṣe lè rí i láì yí ọrùn, ẹni tí wọ́n sì ń fi okùn fà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ojú kúrò lára bàálù: bí gíláídà bá ga jù, yóò fa ìrù bàálù sókè, yóò sì dorí bàálù kọ ilẹ̀. Gbogbo olùkọ́ ló ń tẹnu mọ́ ọn pé kó o tẹjú mọ́ bàálù. Ó gbọ́ràn.

Níwájú, awakọ̀ bàálù ti rí i pé aago tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń yára gòkè kò dé ibi tó máa ń dé. Ní òpin pápá, níbi tó yẹ kí wọ́n ti ga dáadáa, wọn ò tíì pé ẹsẹ̀ bàtà 250. Ó wo dígí, ó rí pátákó méjì tó nà sókè lórí ìyẹ́ gíláídà. Ó pè é lórí rédíò lẹ́ẹ̀mejì. Rédíò tí wọ́n ti dín ohùn rẹ̀ kù kò dáhùn. Ó lè já okùn láti ọwọ́ tirẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu. Kò já a. Bàálù náà ṣì ń gòkè, bó tilẹ̀ ń ṣe é pẹ̀lú ìnira, ó sì mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí okùn bá ṣì wà, ẹ́ńjìnnì òun ló ń san gbèsè bíréèkì yẹn. Ó wá fún un ní àmì: ó fi ẹsẹ̀ ti ìtọ́kọ̀ sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún, ìrù bàálù náà sì ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Awakọ̀ gíláídà rí bàálù tó ń mì níwájú rẹ̀. Ó fa kókó yẹ́lò.

Àmì méjì tó jọra

Àmì méjì ló wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi rọ́pò ara wọn. Bí bàálù bá ń mi ìyẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ sókè, èkejì lọ sísàlẹ̀, já okùn lójú ẹsẹ̀ ló ń wí, wàhálà wà lọ́dọ̀ mi. Bí ó bá ń ju ìrù, tí ìyẹ́ wà ní títẹ́, ohun tó ń wí ni pé nǹkan kan kò dára lára ọkọ̀ tìrẹ, wo bíréèkì rẹ. Èkíní ní kó o lọ, èkejì ní kó o dúró síbi tó o wà, kó o sì tún ilé ara rẹ ṣe.

Lórí ìwé, ọmọ kékeré á mọ ìyàtọ̀. Lókè, ó ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí bàálù bá ju ìrù sápá kan, ìyẹ́ tó wà ní apá yẹn kan náà á sáré ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ fún ìgbà kúkúrú, á sì gbé sókè díẹ̀. Nítorí náà, bàálù tó ń ju ìrù máa ń mi ìyẹ́ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ kéré. Ẹni tí kò bá tíì rí i rí, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí igi wà níwájú rẹ̀, á rí ohun kan ṣoṣo: bàálù ń mì. Nínú àmì méjèèjì, èwo ni wọ́n sì máa ń fi kọ́ni pẹ̀lú ohùn gíga? Èyí tó ní já okùn. Òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn.

Nísinsìnyí ẹ pa dà sórí ìṣirò. Ó já okùn ní bíi ẹsẹ̀ bàtà 300. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń kọ́ni pé láti ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ sókè, ẹni tí okùn já mọ́ lọ́wọ́ lè yí padà sí pápá bí afẹ́fẹ́ àti ibi tó wà bá gbà á láyè. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ ló fẹ́ ṣe. Ó sọ imú ọkọ̀ kalẹ̀ kí ìsáré má baà dín kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ṣùgbọ́n gíláídà tí ẹ̀kọ́ yẹn ń sọ ni èyí tí bíréèkì rẹ̀ tì. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń jábọ̀ bí ẹni tó fẹ́ balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá parí yíyí náà, inú igi ló máa bá ara rẹ̀.

Ohun tó gbà á là kò wá láti orí káàdì rárá. Ó rí i pé ilẹ̀ ń sún mọ́ òun jù, ó dẹ́kun yíyí, ó sì yan oko tó wà níwájú. Bí ó ṣe ń múra láti balẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò lórí kókó yẹ́lò, ó lọ wá irin búlúù, bí ọwọ́ gbogbo awakọ̀ ṣe máa ń ṣe tó bá di ìgbà bíbalẹ̀. Kò bá a níbi tó máa ń wà. Ẹ̀yìn ló ti bá a, nítòsí ìbàdí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìgbọ̀nrìrì, ìrọ̀sísàlẹ̀ àti ìrù bàálù tó ń jù yé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbá irin náà síwájú títí tó fi há. Ó kù bíi ẹsẹ̀ bàtà 150. Gíláídà náà dákẹ́, ó sì nà lọ. Ó fi díẹ̀ kọjá ọgbà oko, ìrù rẹ̀ gbá igi, ó sì kanlẹ̀ gidigidi nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti ro.

Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣe nǹkan kan náà, títì irin síwájú, nígbà tí okùn ṣì wà, ìtàn náà ì bá parí síbẹ̀. Wọ́n ì bá máa gòkè lọ, ojú ì bá sì kàn tì í díẹ̀ nígbà tó bá balẹ̀.

Ìjíròrò

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀, ẹnjiníà tú ibi bíréèkì wò. Ìdè rẹ̀ dára, agbára tó yẹ kó gbà kó tó há ló ń gbà, kò sí ohun tó jẹ tàbí tó yẹ̀. Ìyẹn pa ọ̀rọ̀ àbùkù ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́.

Àwọn kan kọ́kọ́ gbé e lé olùdarí ìlà lórí, pé òun ló dá àyẹ̀wò dúró. Mi ò gbà. Ó yẹ kó dá a dúró. Ohun tó jẹ́ àṣìṣe ni àṣà tó gbà pé kí awakọ̀ máa bá àyẹ̀wò lọ láti ibi tó rò pé òun dúró sí. Ọpọlọ kì í fi àmì sí ibi tó dúró sí. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti ṣe, á máa rántí rẹ̀ bí ohun tó ti ṣe tán. Awakọ̀ yìí kò purọ́ nígbà tó ní bíréèkì ti tì. Ó ń ròyìn ohun tó rántí, kì í ṣe ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó di ìyẹ́ mú kò gba àríyànjiyàn. Ojú rẹ̀ kò lè rí ohun tí ọwọ́ nìkan mọ̀.

Ẹnì kan dá a lábàá pé kí wọ́n fi ìlà kan kún káàdì, pé kí a máa yẹ bíréèkì wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1935, ní Wright Field ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ òfuurufú ológun kan, Boeing Model 299, gbéra nígbà tí ìdè tí wọ́n fi ń mú àwọn abala ìdarí rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà máa jù wọ́n, ṣì wà ní títì. Ó gòkè ṣánṣán, ó sì já lulẹ̀. Major Ployer Hill tó ń wà á kú, Leslie Tower tó jẹ́ awakọ̀ Boeing sì kú lẹ́yìn náà. Ọ̀gá ni wọ́n méjèèjì. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àyẹ̀wò sílẹ̀ dípò kí awakọ̀ máa gbé e sórí, ọkọ̀ yẹn kan náà ló sì wá di B-17 tí wọ́n fi jagun. Káàdì ń wo ìgbàgbé sàn. Ṣùgbọ́n káàdì wà níwájú awakọ̀ tiwa, ó sì kà á. Ìlà kejì á wulẹ̀ fún un ní ohun méjì tó máa fi ẹnu kà dípò ọ̀kan.

Ohun tí wọ́n wá fẹnu kò sí sàn ju ìyẹn lọ. Bí nǹkan bá dá àyẹ̀wò dúró, ìbáà ṣe ìbéèrè kan ṣoṣo, orí ọ̀pá ìdarí ni a ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kùn sí i fún ìgbà díẹ̀ nítorí ó ń jẹ́ kí ìlà falẹ̀, ó sì ń jẹ́ kó falẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó di ìyẹ́ mú á béèrè lókè ohùn kó tó gbé e pé, "Bíréèkì ńkọ́ sà?" Awakọ̀ kò gbọdọ̀ dáhùn àyàfi bí ọwọ́ òsì rẹ̀ bá wà lórí irin búlúù, tó sì tún tì í síwájú. Ìdáhùn láti ọwọ́ ni, ẹnu kàn ń tẹ̀ lé e ni. Àwọn kan tún ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí irin náà kò bá há. Ó dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó ń gba bátìrì, gbogbo ọkọ̀ kọ́ ló sì ní in.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, B tó dúró fún bíréèkì ni wọ́n fi ń tún ṣe, bẹ́ẹ̀ B nìkan kọ́ ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ táyà náà. Bíréèkì tó ṣí lẹ́yìn bàálù jẹ́ ìtìjú. Bíréèkì tó ṣí ní ẹsẹ̀ bàtà 300 láìsí okùn jẹ́ ìjàǹbá, E tí a kà ní èémí kan ló sì so méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù nínú ohun tí wọ́n yí padà ni ti àmì. Awakọ̀ á sọ ọ́ síta lórí ìlà: ìyẹ́ ń mì, mo já okùn, ìrù ń jù, ọwọ́ mi lọ sórí irin búlúù. Bákan náà, àwọn awakọ̀ bàálù gbà láti máa fi àmì ìrù han awakọ̀ tí kò bá tíì rí i rí, ní ẹsẹ̀ bàtà 2,000, pẹ̀lú àdéhùn tí wọ́n ti ṣe nílẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n mi ìyẹ́ gẹ́gẹ́ bí àmì àtijá okùn. Ẹni tó bá ti rí méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn lẹ́ẹ̀kan báyìí, kò sí bó ṣe máa pe ọ̀kan ní èkejì.

Ìbéèrè kan kù tí awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ béèrè: kí ni òun ì bá ṣe ká ní irin náà kọ̀ láti pa dé? Ó ń ṣẹlẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ lè máa fa pátákó sókè pẹ̀lú agbára, ọwọ́ kan lè má ká a. Okùn kan náà ni ìdáhùn. Má fà á já. Dúró lẹ́yìn bàálù, sọ fún un lórí rédíò bí o bá lè sọ ọ́, jẹ́ kó rọra yí ọ padà sórí pápá bó ti wù kó falẹ̀ tó. Ìgbà tí pápá bá wà lábẹ́ rẹ gan-an, tí o sì ga tó láti wọlé bí ẹni tí bíréèkì rẹ̀ ṣí tán, nígbà náà ni kó o fa kókó yẹ́lò. Mọ̀ pé mítà 7 fún mítà 1 lo ní, kó o sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò láti ibẹ̀.